Ẹ Bi Oníná: Ká gé kọnkéré ni, àbí ká gba abẹ́ rẹ̀ kọjá?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àkóbọ̀, ní Ìbàdàn, ni mo ń gbé. Mo fẹ́ fa iná láti ilé ńlá lọ sí ilé kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé, torí ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé níbẹ̀. Kọnkéré tí mọ́tò ń gbà wọlé ló dábùú àárín ilé méjèèjì, ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Olóògbé ọkọ mi ló dúró ti àwọn tó dà á, kò sì tíì sán rárá títí dòní. Oníná àkọ́kọ́ tí mo pè ní àfi ká gé e. Ẹnì kejì ní òun á fi omi ti páìpù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, òun ò ní fọwọ́ kan kọnkéré, owó tirẹ̀ ò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Láti etí kọnkéré dé ara ògiri ilé ńlá kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Òdìkejì ni mo gbin òdòdó sí. Mo tún rántí pé páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ sí sọ́kàwéè gba abẹ́ ibẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

Olùkàwé, Àkóbọ̀

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e.

Mo mọ̀ pé èsì yìí lè má dùn mọ́ yín, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ni kọnkéré yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ kàn fi kún un nígbẹ̀yìn ló pinnu ohun gbogbo lójú tèmi: páìpù ìdọ̀tí wà lábẹ́ ibẹ̀. Ẹni tó ń ti irin gba abẹ́ ilẹ̀ kò rí ibi tí ẹnu irin rẹ̀ ń lọ. Ó lè fi ìwọ̀n sí i kó gún régé nígbà tó ń wọlé, bó bá wọ inú tán, òkúta kan péré tó láti yí i sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ pupa olókùúta sì pọ̀ ní Ìbàdàn wa yìí. Bí irin bá gbá páìpù PVC lábẹ́ ilẹ̀, ó máa là, ẹ ò sì ní mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó di oṣù mélòó kan sí i kí òórùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kí ilẹ̀ sì máa rì díẹ̀díẹ̀. Nígbà yẹn oníṣẹ́ ti gba owó lọ.

Ní ti omi tí ẹnì kejì sọ, kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Wọ́n máa ń so rọ́bà omi mọ́ ìdí páìpù irin, omi á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀, á máa tú ilẹ̀, wọ́n á sì máa tì í síwá sẹ́yìn títí yóò fi yọ lódìkejì. Èmi náà máa ń ṣe é lábẹ́ ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4 lọ, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, tí mọ́tò kì í dé. Tiyín yàtọ̀. Bí ẹ bá dúró ti kòtò tí wọ́n ti ń ti páìpù, ẹ ó rí ẹrẹ̀ pupa tó ń ṣàn padà wá sínú rẹ̀, tí wọ́n á máa fi báálì gbọ́n ọn dànù. Abẹ́ kọnkéré yín ni ẹrẹ̀ náà ti ń wá o. Omi kì í wọn ihò mọ bí páìpù ṣe tóbi. Ó ń kó ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, á wá ku àyè òfìfo. Ilẹ̀ abẹ́ kọnkéré ló ń bá a gbé ẹrù. Ọjọ́ tí ọkọ̀ agbómi bá gun orí àyè òfìfo yẹn, kọnkéré tí kò sán látọjọ́ yìí máa sán.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í rò mọ́ ọn: ẹni tí kò gé kọnkéré pàápàá máa gbẹ́ kòtò, méjì ni á sì gbẹ́. Irin tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn gbalaja nínú kòtò, ní ìsàlẹ̀, ní ọ̀gangan ibi tó fẹ́ gbà. Kò sí àyè fún un ní ẹsẹ̀ bàtà 3 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa da omi púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé yín. Ó kù kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ òdòdó, kí wọ́n hú gbogbo rẹ̀. Ẹ bi ẹnì kejì bóyá ó ka èyí mọ́ owó tó pè.

Ká ní intalọ́ọ̀kì ni ẹ tẹ́ síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ò bá má gùn: kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n tò ó padà. Ká sì ní títì ọlọ́dà tó jẹ́ ti ìjọba ni, abẹ́ rẹ̀ náà ni mo máa ní ká gbà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ní Èkó, LASIMRA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń bójú tó irú iṣẹ́ yìí, ló ń fúnni ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn tó ń ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ń lò lábẹ́ títì ní orí tí wọ́n lè darí, ẹnì kan á sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́ lókè, tó ń sọ ibi tí orí náà dé àti bó ṣe jìn tó. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó ní rọ́bà omi àti páìpù irin kò mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n tó gé e, ẹ ṣí ìdérí kòtò kékeré tí páìpù ìdọ̀tí ń gbà kọjá lẹ́bàá ilé, kí ẹ fi ọ̀pá wọn bó ṣe jìn. Ẹ tún béèrè bóyá wáyà iná géètì tàbí ti borehole wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé kọnkéré ni kí wọ́n lò, kí wọ́n fa ìlà 2, kí àárín wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òòlù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láìgé e, torí ibi tí wọn ò fẹ́ fọ́ náà á máa sán. Kí kòtò jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí wọ́n bá ti súnmọ́ páìpù ìdọ̀tí, kí wọ́n gbé díígà sílẹ̀, kí wọ́n máa fi ọwọ́ wa ilẹ̀.

Ẹ da iyanrìn tó nípọn tó íǹṣì 3 sísàlẹ̀, kí ẹ tẹ́ páìpù lé e. Ẹ tẹ́ 2: ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn ọmọ yín máa nílò rẹ̀. Kí okùn tí wọ́n á fi fa wáyà náà wà nínú èkejì láti ìsinsìnyí. Níbi tó bá ti yẹ kí páìpù tẹ̀, kí ó rọra tẹ̀ ni o. Kébù armoured, ìyẹn wáyà iná tí wọ́n fi irin wé, kì í gba ìgun kíkan kọjá. Iyanrìn tún lórí, lẹ́yìn náà téèpù ìkìlọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò, kí ẹni tó bá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè kọ́kọ́ rí i. Ilẹ̀ tí wọ́n bá dá padà, íǹṣì 6, íǹṣì 6 ni kí wọ́n máa dà á, kí wọ́n máa gún un mọ́lẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́, torí ojú ti ń kán oníṣẹ́ láti lọ sílé. Ẹ gbé àga síbẹ̀, kí ẹ jókòó tì wọ́n.

Kí bíríkìlà lu ihò sára kọnkéré àtijọ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó ki irin bọ̀ ọ́, kí tuntun lè di àtijọ́ mú. Sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Ẹ máa bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7, kí mọ́tò kékeré tó gùn ún. Ọkọ̀ agbómi ní láti dúró síta títí di ọjọ́ 28.