Èsì: Ṣé kí n fi Hero hàn wọ́n tán?

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Rárá o, ẹ má fi Hero, fíìmù ilẹ̀ Ṣáínà ti 2002, han àwọn ọmọ tán ní kíláàsì. Ìtàn kan náà ni wọ́n ń tún sọ níbẹ̀, àwọ̀ aṣọ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Orí ọmọ á dàrú. Ìṣẹ́jú 10 tó, níbi tí apààyàn ti jókòó níwájú ọba Qin, ìjọba kan ní Ṣáínà àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka àkọsílẹ̀ Sima Qian, òpìtàn Ṣáínà àtijọ́, fún wọn: Jing Ke, ẹni tó fẹ́ pa ọba náà, fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ká, ní 227 ṣáájú Kírísítì. Ọba sá yí òpó ká. Idà rẹ̀ gùn débi pé kò tètè fà á yọ. Nínú fíìmù, apààyàn ló dìídì dá ọba sí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí ohun tójú rí ni wọn á kọ nínú ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín fíìmù àti àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀ kí aago tó lù.