Bí mo bá fo ọjọ́ kan, ṣé àfi kí n padà sí ọjọ́ kìíní?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Mo ń kọ iṣẹ́ ìwádìí tí mo fẹ́ fi gboyè, mo sì ti gbà pé ayé kì í dọ́gba. Ẹnì kan tó ń gbowó kọ́ni ní ìkóra-ẹni-níjàánu sọ pé bí mo bá kọ ojú ìwé méjì lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, yóò mọ́ mi lára títí ayé, ṣùgbọ́n bí mo bá fo ọjọ́ kan péré, kí n padà sí ọjọ́ kìíní. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti padà. Ó ní kí n tún sanwó fún ẹ̀kọ́ kejì. Kí ni mo lè ṣe kí ọkàn mi le sí i?

Ìdáhùn: Ọkàn yín kò ṣẹ̀ rárá; òfin tí wọ́n tà fún yín ló ní àbùkù. Irú ìbéèrè yìí ti sú mi í gbà, nítorí náà bí ohùn mi bá le, àwọn tó ń ta òfin náà ni mo ń bá wí.

Oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, Maxwell Maltz, tó máa ń tún ojú ènìyàn ṣe, ló kọ ọ́ ní ọdún 1960 pé ó máa ń gbà tó ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí ojú tuntun tó mọ́ aláìsàn lára. Àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri gé “ó kéré tán” sọnù, wọ́n sì sọ ìyókù di òfin fún gbogbo ohun tí ẹ̀dá ń ṣe. Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní University College London gbé jáde ní 2010, ènìyàn 96 mú nǹkan kékeré kọ̀ọ̀kan, bíi mímu omi, tí wọn yóò máa ṣe lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 84. Nínú iye ọjọ́ tó gbà kí nǹkan náà tó mọ́ wọn lára, ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín. Ẹni tó yá jù lo ọjọ́ 18, ìṣirò sì fi hàn pé ẹlòmíràn yóò nílò tó 254. Ibi tó kàn yín gan-an ni pé fífo ọjọ́ kan kò ba ohun tó ti ń mọ́ wọn lára jẹ́ lọ́nà kan tó ṣe gúnmọ́. Ẹni tó fo ọjọ́ kẹsàn-án tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹwàá ló wà. (Ìwé kíkọ kì í sì í ṣe omi mímu, ẹ má retí pé ọwọ́ yóò máa kọ ọ́ láìjẹ́ pé orí ronú.)

Ẹ ní ẹ ti gbà pé ayé kì í dọ́gba, àmọ́ òfin tí ẹ ń tẹ̀ lé kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú àwòrán ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sétí ìlà, níbi ìpadàbọ̀ kẹta, pé ara ọmọ kò yá. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ fi yẹ́ẹ̀pẹ̀rẹ̀ bú ara yín. Òru méjì tí ẹ fi tọ́jú ọmọ ni ẹ kà sí ọ̀lẹ! Àwọn tó ní ìgbà kò lọ bí òréré kò sọ pé kí a káwọ́ gbera. Ẹ pinnu iye tí ẹ ó kọ ṣáájú: ojú ìwé méjì ní ọjọ́ tó dẹ̀, ìpínrọ̀ kan ní ọjọ́ tó le, àti ní ọjọ́ tí ilé dàrú, gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kí ẹ sì pa ìwé dé. Ẹ so ó mọ́ àkókò kan pàtó, bíi ìgbà tí ẹ bá fọ abọ́ alẹ́ tán.

N kò tíì rí yín lójúkojú, nítorí náà èyí kò lè dípò àyẹ̀wò. Bí ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun bá wà lára yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọ̀pọ̀ jù nínú ọjọ́, tí oorun àti oúnjẹ sì yí padà, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ètò iṣẹ́. Ẹ lọ rí dókítà. Bí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá wọlé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, ẹ má sì dá nìkan lọ.

Ní ti owó ẹ̀kọ́ kejì, ẹ má san án.