Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ lọ́jọ́ méjìlá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin ni, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà ni wá níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, a máa pé 60 lọ́dún tó ń bọ̀, a wá ní lẹ́yìn Ojúde Ọba ká lọ gbafẹ́ díẹ̀ lókè òkun. Ọmọ mi tó wà ní Cologne ní Jámánì ló máa háyà bọ́ọ̀sì kékeré, òun náà ló máa wà á. A fẹ́ rí Jámánì, Netherlands, Bẹ́ljíọ̀mù, Faransé, Switzerland, Ítálì, Austria, ká wá fi London parí ẹ, ọjọ́ méjìlá. Físà mélòó la máa gbà? Ṣé mo lè gbé gàrí dání?
Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ọjọ́ ìbí o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe físà rárá, ọmọ yín ni, torí òun nìkan ló máa wa mọ́tò. Mo ṣí máàpù, mo fi Cologne bẹ̀rẹ̀, mo yí gbogbo ibi tẹ́ ẹ kọ yẹn ká láìka London, ó sún mọ́ 3,000 kìlómítà. Ẹ wò ó báyìí, láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó ò ju bíi 100 lọ, ẹ wá rò ó kí ẹnì kan wa irú ẹ̀ ní ọgbọ̀n ìgbà láàárín ọjọ́ méjìlá, kó tún máa gbé báàgì, kó tún máa wá ilé ìtura lálaalẹ́.

Ó ti ṣojú mi rí. Àbúrò ọkọ mi ló ń wà wá láti Düsseldorf ní Jámánì lọ sí Milan ní Ítálì, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ní òun fi máa dé ibẹ̀. A jáde nínú tunnel Gotthard ní Switzerland, bíi 17 kìlómítà ni tunnel yẹn, iná kan náà, ògiri kan náà, ṣàdédé ni táyà gun ìlà funfun etí títì tó rí kángunkàngun, ó dún "gbrrrr" lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ìgbà tí mo máa wojú ẹ, ó ti sùn! Mo pariwo, ó jí, Ọlọ́run ló yọ wá. Láti ọjọ́ yẹn, iye wákàtí tí awakọ̀ máa fi sùn ni mo fi ń ṣètò ìrìnàjò, kì í ṣe iye ìlú tá a fẹ́ rí.

Torí náà ẹ yọ London kúrò. Físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ò wọ London, ẹ máa gba tìlú ọba lọ́tọ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì ń wà lọ́hùn-ún, bá a ṣe ń wà á níbí kó tó di April 2, 1972, ọmọ tó ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún wà ní Jámánì ò nílò ìyẹn. Párís náà, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tààrà wà láti Cologne, kò tó wákàtí mẹ́rin. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi Jámánì, Austria àti Ítálì ṣe é: Cologne, Munich, Salzburg, Venice, kẹ́ ẹ sì sùn ó kéré tán ọjọ́ méjì níbi kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá dé Venice, mọ́tò ò wọ àárín ìlú, ẹ páàkì ẹ̀ sí Mestre lẹ́bàá ibẹ̀ kẹ́ ẹ wọ reluwé.

Físà Schengen kan ṣoṣo ló kárí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tẹ́ ẹ bá ti máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù lẹ ti máa gbà á, ìyẹn Jámánì, 90 euro lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, inṣọ́ránsì ìrìnàjò yín gbọ́dọ̀ tó 30,000 euro. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ẹ má sì fi falẹ̀. Ẹ rántí pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti èṣí lọ, kẹ́ ẹ má lọ fi déètì ọdún yìí ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ bi ọmọ yín léèrè nísinsìnyí: láísẹ́ǹsì wo ló ń lò? Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà tó sì ti lé lóṣù mẹ́fà tó ti ń gbé Jámánì, kò lè fi wakọ̀ níbẹ̀ mọ́. Kó sọ gbogbo orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa wọ̀ fáwọn tó máa háyà mọ́tò fún un, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Kó ra vignette, ìyẹn sítíkà owó títì, kẹ́ ẹ tó gun títì márosẹ̀ Austria. Ní Ítálì, ẹ máa gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń jáde lẹ máa sanwó, kó sì ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n bá kọ ZTL sí, ìyẹn àdúgbò tí mọ́tò tí ò bá ní àṣẹ ò gbọ́dọ̀ wọ̀, kámẹ́rà ló wà níbẹ̀, ilé ni owó ìtanràn á ti wá bá a.

Gàrí ńkọ́? Ẹ gbé e, ojúlówó Ìjẹ̀bú ni o, èmi náà gbé e. Ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti mílíìkì ni kẹ́ ẹ má dán wò, wọn ò gbà á wọlé. Ẹ ra mílíìkì lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá wá dé ẹsẹ̀ òkè Austria lọ́sàn-án, ẹ yà síbi ìsinmi ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ fomi tútù rẹ gàrí yín, kí ọmọ yẹn na ìjókòó sẹ́yìn kó sùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jí i.