Ìyá mi ń pe ìyá ọkọ mi ní "ìwọ", ilé ti fẹ́ dàrú

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa níbí lèmi àti ọkọ mi ń gbé, ọmọ Kabba ni mí, ọmọ Ọ̀yọ́ lòun. Mo bímọ lóṣù tó kọjá, màmá mi wá látilé láti bá mi wẹ ọmọ, ọ̀sẹ̀ kejì ni màmá ọkọ mi náà dé. Àǹtí, màmá mi kúnlẹ̀ kí wọn o, orúnkún méjèèjì ló kanlẹ̀, àmọ́ bó ṣe lanu báyìí tó ní "Ṣé o rìn dáadáa?" (mo ti tú u sí èyí tí gbogbo wa gbọ́ o, ohùn ilé wa yàtọ̀), ojú màmá ọkọ mi yí padà. Látọjọ́ náà "o" ni màmá mi ń bá wọn sọ, "o ti jẹun?", "gbé ọmọ fún mi", wọn ò sì dá a lóhùn mọ́, èmi ni wọ́n ń rán sí i nínú páálọ̀ kan náà tí gbogbo wa jókòó sí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló wá là á mọ́lẹ̀ ní kíṣìnnì, ó ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ará Kogi kì í ṣe Yorùbá gidi, wọn ò kọ́ wa nílé, kí n má jẹ́ kí màmá mi máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ púpọ̀ kí ẹnu ẹ̀ má lọ bàjẹ́. Ọkọ mi ní kí n kọ́ màmá mi ní "ẹ". Màmá mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ìyá Ìkókó, Kubwa

Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á dá a sí fún wa.

Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ tèmi. Ọmọ Ọ̀yọ́ lèmi náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Abuja, Karu ni mo gbé, obìnrin ará Ìjùmú ní Kogi kan wà lójúlé kejì, mo ju ọmọ náà lọ dáadáa, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní "Níbo lò ń lọ?" Mo wò ó látòkè délẹ̀, mi ò fèsì. Ó tó oṣù méjì tí mò ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí n má baà pàdé ẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ tó ń bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lojú mi tó là. Ó kúnlẹ̀ fún fóònù o! Bàbá wà nílé lọ́hùn-ún, kò rí i, òun wà lórí orúnkún níbi tó ti ń fọṣọ, "o" yẹn náà ló sì ń bá bàbá sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìtìjú bò mí.

"Ẹ" tá à ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni, àwa Ọ̀yọ́ la máa ń fi bọlá fún ẹyọ kan, ilé-ìwé àti rédíò ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Lẹ́nu àwọn àgbà Okun, ìyẹn àwọn Yorùbá Kogi, ì báà jẹ́ Yagba, Bunu, Owé, Ìjùmú tàbí Oworo, tí wọ́n bá lo ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀, èèyàn púpọ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ará Oǹdó náà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bú àwọn náà pé wọn ò lẹ́kọ̀ọ́. Orúnkún màmá yín ni ọ̀wọ̀ wà, gbogbo ilé ló rí i tó kanlẹ̀, ẹnu ẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́.

Àmọ́ ẹ má sọ màmá ọkọ yín di èèyàn burúkú o. Lọ́dọ̀ wa, àna kì í ṣe ẹni tá à ń bá sọ "o", kódà kéèyàn fi ogún ọdún jù ú lọ, "ẹ" la máa bá a sọ. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n wọra, wọn ò ṣe é ṣeré, etí wọn ò gbọ́ nǹkan míì ju àbùkù lọ.

Ti àbúrò ọkọ yín ló ń bí mi nínú. Yorùbá gidi wo? Orúkọ "Yorùbá" fúnra ẹ̀, Ọ̀yọ́ nìkan ni wọ́n fi ń pè tẹ́lẹ̀, látọ̀dọ̀ àwọn Hausa ló sì ti wá, Muhammadu Bello ti Sokoto ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1812, kí Ẹ̀gbá, Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti Okun tó máa fi orúkọ náà pe ara wọn rárá. Títí dòní, mọ́là tó ń ta súyà ládùúgbò yín, Bayarabiya, ìyẹn obìnrin Yorùbá, ló máa pe ẹ̀yin àti àbúrò ọkọ yín, kò ní béèrè ohùn ilé. Èyí tá à ń pè ní ojúlówó Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nìyẹn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ síwèé ní 1843, odindi Bíbélì parí ní 1884, ilé-ìwé gbé e, ó di ti gbogbo ayé. Ká ní Yagba ni wọ́n ti mú Crowther ni, bóyá àwa ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọn ì bá máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní Kubwa báyìí. Kogi ńkọ́? 1991 ni ìjọba ológun dá a sílẹ̀, kó tó dìgbà yẹn Kwara kan náà lẹ̀yin àti Ìlọrin wà. Orí ìwé ni wọ́n fa ààlà yẹn sí, wọn ò fà á sẹ́nu màmá yín.

Ẹ má kọ́ màmá yín ní nǹkan kan. Ọkọ yín ló máa lọ bá màmá ẹ̀ nígbà tí inú wọn bá dùn, tí ọmọ bá wà lẹ́sẹ̀ wọn, kó ṣàlàyé pé bí màmá ìyàwó òun ṣe ń bá ọba ìlú wọn sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Tó bá ti ẹnu yín jáde, àwíjàre ló máa dà. Ẹ̀yin kàn máa fi orúkọ tí ọmọ á máa pè wọ́n pe àwọn ìyá méjèèjì, "Màmá Àgbà" lọ́tùn-ún lósì, orúkọ á máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ títí etí á fi mọ́ra. Ọmọ tí wọ́n ní ẹnu ẹ̀ á bàjẹ́ yẹn, ó dá mi lójú pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló máa sọ bó bá tó ọdún mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí màmá yín yára bá a sọ̀rọ̀ jàre.

Èmi ni mò ń túmọ̀ fún pásítọ̀ wa ní Nyanya, ọmọ Ìbàdàn ni mí. Tí mo bá ti ní "Ọlọ́run ń sisẹ́" tàbí "Ọlọ́run Asẹ́gun", àwọn ọmọ kọ́áyà á bú sẹ́rìn-ín. Ṣé kí n gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíì?
Ògbufọ̀

Rárá o. Ìjà "s" àti "ṣ" ò bẹ̀rẹ̀ látẹnu yín, ẹ ka Onídàájọ́ orí 12, àwọn ará Gílíádì dúró létí Jọ́dánì, ẹni tó bá fẹ́ sọdá wọ́n á ní kó pe "Ṣíbólẹ́tì", ará Éfúráímù á pe "Síbólẹ́tì", 42,000 ló kú. Ti yín ṣì dáa, ẹ̀rín lásán ni.

Ẹ kàn má gbìyànjú láti fi tipátipá pe "ṣ", mo ti rí i lára àwọn kan, ẹ̀rù á mú wọn débi pé "ṣ" á wọ ibi gbogbo, wọ́n á máa "ṣọ̀rọ̀", ẹnì kan wà tó pe Jésù ní "Jéṣù" lójú mi. Èyí burú ju ti Ìbàdàn lọ. Àwọn kọ́áyà yẹn náà, ẹ ní kí wọ́n ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì sókè, ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n máa gbé "h" sí àtibi tí wọ́n máa ti yọ ọ́. Wọ́n á tún dé ọjà Wuse lọ rẹ́rìn-ín Hausa tó pe "fish" ní "pish".

Àǹtí, ọmọ Èkìtì kan ń fẹ́ mi, Gwagwalada ni mo ti ń kàwé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbé wọ́ìsì nóòtù ẹ̀ káàkiri Wásáàpù torí ó ní "ulé" àti "uṣu", wọ́n ní bushman ni. Ṣé kí n ní kó yí i padà?
Ọmọ Yunifásítì

Àwọn onímọ̀ èdè ní "u" yẹn ló ti wà níbẹ̀rẹ̀, àwa Ọ̀yọ́ la sọ ọ́ di "i". Igala tó jẹ́ ìbátan wa nínú èdè, "unyi" ni wọ́n ń pe ilé. Kò sí nǹkan tó máa yí padà. Àmọ́ ìwọ ọmọ yìí, ìwọ ni ọmọkùnrin yẹn fi wọ́ìsì nóòtù ránṣẹ́ sí, ta ló wá fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ?