Báwo ni a ṣe ń so PBX (ẹ̀rọ tó ń darí ìpè fóònù nínú ilé iṣẹ́) mọ́ sáfà (server) tó ń gba ìránṣẹ́ ohùn sílẹ̀?

SIP trunk, ìyẹn ọ̀nà tí ìpè fóònù ń gbà kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì IP, ni a fi ń so wọ́n pọ̀: ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì IP sáfà sínú PBX, ẹ fi ti PBX sínú sáfà, ní port 5060, tàbí 5061 bó bá jẹ́ TLS (ìlànà tó ń dáàbò bo ìsọfúnni). Kí ẹ wá darí ìpè tí ẹnikẹ́ni kò gbé sí nọ́ńbà sáfà náà.

Ibi tó sábà ń dojú rú nìyí: sáfà á máa béèrè nọ́ńbà àpótí ìránṣẹ́ ohùn lọ́wọ́ olùpè dípò kí olùpè gbọ́ ìkíni ẹni tó ń wá. PBX kò fi Diversion tàbí History-Info (àkọlé inú ìránṣẹ́ SIP tó ń sọ ibi tí ìpè ti kọ́kọ́ lọ) ránṣẹ́ ni, sáfà kò sì mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè. Bí títẹ bọ́tìnnì kò bá ṣiṣẹ́, ẹ yẹ DTMF (àmì tí bọ́tìnnì fóònù ń fi ránṣẹ́) wò. RFC 4733, ìlànà fún fífi DTMF ránṣẹ́, ni kó wà ní ìhà méjèèjì. PBX àtijọ́ tí kò ní SIP nílò gateway (ẹ̀rọ tó ń yí ìpè rẹ̀ padà sí SIP) láàárín.