Àbúrò, má gba tíransífá nítorí ẹni tó ń sá fún ìgbéyàwó

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ, pé ìwọ àti ọkùnrin yẹn jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà ní Ifẹ̀, ẹ fẹ́ràn ara yín, àmọ́ tí o bá ti dárúkọ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ báyìí á yí ọ̀rọ̀ padà, o wá ń bèèrè bóyá kí o gba tíransífá kí ara lè tù ú. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní Iléṣà níbí, àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá rántí.

Àkáúǹtì ni mo wà, òun wà ní sítọ̀. Èèyàn dáadáa ni o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Tí mo bá gbé oúnjẹ wá, òun ló máa fọ kúlà mi, á nù ún gbẹ kó tó dá a padà. Àmọ́ bàbá àti ìyá ẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, ojú ẹ̀ ló ṣe. Ó kọ́kọ́ ní jẹ́nótáìpù ni òun ń bẹ̀rù (ẹ̀yin náà ẹ tètè ṣe é o, tí ẹ bá jẹ́ AS méjì, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá 25 nínú 100 pé kó jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde). Èsì dé, AA ni mí, kò sí ewu nìyẹn. Ó wò ó, ó ká bébà yẹn kékeré, ó fi sápò, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó yá ó gbà ká lọ rẹ́jísìrì, ibi tí ìjọba ti ń so yìgì, pé ká ṣe é jẹ́jẹ́. A kọ orúkọ, a san owó. Akọ̀wé tó gbowó lọ́wọ́ wa ń tẹ fóònù ẹ̀, kò gbójú sókè, kò sọ fún wa pé wọ́n máa lẹ orúkọ wa mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, pé ó kéré tán ọjọ́ 21 gbọdọ̀ pé kí wọ́n tó fún wa ní sẹ̀tífíkéètì, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́. Ni dírẹ́bà iléeṣẹ́ wa bá kọjá níbẹ̀, ó ya fọ́tò ẹ̀, ó jù ú sórí WhatsApp ọ́fíìsì. Háà! Kí n tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì wọ́n ti ń pè mí ní ìyàwó, wọ́n ń bèèrè aṣọ ẹbí. HR, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ránṣẹ́ pè mí, èmi nìkan o, wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé èmi ni mò ń yẹ ìwé sítọ̀ wò ni. Wọn ò pe ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ kan! Òun wá ní ká jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ ná. Mò ń dúró, mò ń rí i lójoojúmọ́, á gbé ìwé sítọ̀ọ́kù wá sórí tábìlì mi, á kí mi bí ẹni ń kí kọ́sítọ́mà, á jáde. Ariwo rọlẹ̀ lóòótọ́, oṣù mẹ́ta sì pé, ìwé wa kú. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá lẹ́yìn tí ẹ forúkọ sílẹ̀ tí ẹ ò so yìgì, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kó kọjá.

Mo lọ bá àwọn agbaninímọ̀ràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n máa gbàdúrà kí n sì túbọ̀ máa tọ́jú ẹ̀. Inú ṣì ń bí mi.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o bèèrè: kó mú ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan nínú ẹbí ẹ̀, kó dá ọjọ́. Tó bá ń gbọ̀n tó sì lọ, fara balẹ̀ fún un, irú wọn ṣeé bá rìn. Tèmi, Òṣù níbí ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ń gbé, ojú ọ̀nà Ifẹ̀, mọ́tò kan péré, kò mú mi débẹ̀ rí títí mo fi jáwọ́.

Tíransífá kẹ̀? Inú ọkàn ẹ̀ ni ẹ̀rù yẹn wà, kò sí nínú ọ́fíìsì. Tí HR bá ní òfin wà pé ẹ ò gbọdọ̀ fẹ́ ara yín, ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀ hàn ẹ́.

O tún ní o ti ṣe onídùúró fún un lórí owó tó yá ní kòópù. Tí kò bá san, owó oṣù tìẹ ni wọ́n máa gé o. Tó bá tún gbé fọ́ọ̀mù mìíràn wá, má fọwọ́ sí i, ó kéré tán títí tí ìyá ẹ̀ á fi mọ orúkọ ẹ.