Ọmọ mi ní òun ò ṣe bọ́dìn mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1. Visiting day tó kọjá mo gbé ìrẹsì àti adìyẹ lọ, kò jẹ ju síbí méjì lọ, ẹkún ló ń sun, ó ní àwọn sínọ̀ ń kó provision òun, kò sì sẹ́ni tó ń bá òun ṣeré ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Dádì ẹ̀ ní ká fi í sílẹ̀, pé ìyà bọ́dìn ló jẹ́ kóun gbọ́n. Ṣé kí n mú un kúrò ni? Màmá JSS1, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má tíì di ẹrù ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Dádì pé ìyà kọ́ ló ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Àwọn Federal Government College tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1966, torí káwọn ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà lè jọ máa gbé ni, kì í ṣe torí ìyà.

Èmi náà ṣe bọ́dìn, mo ti mu gàrí nínú òkùnkùn kí sínọ̀ má baà gbà á. School mother tí wọ́n fún mi, ìyẹn sínọ̀ tó ń mójú tó mi, ló yọ mí, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so nẹ́ẹ̀tì mọ́ bọ́ǹkì, tó bá di Sátidé á pè mí ká jọ lọ fọṣọ. Ẹnì kan péré o! Torí náà ẹ bi mátírọ̀nù pé ta ni school mother tiẹ̀, tí kò bá ní, kí wọ́n wá ọmọ jẹ́jẹ́ kan fún un, kí mátírọ̀nù sì máa bá a tọ́jú provision.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lù ú ni, ìyẹn yàtọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí principal, ẹ mú kọ́pì kan dání. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ lọ gbé ọmọ yín wálé jàre.